Ọkọ̀ Eré Ìje Oníná Mànàmáná: Ìdánwò Tí Ẹnì Kan Kò Lè Dá Yege

1. Ìfáàrà

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí ni ọkọ̀ eré ìje tí ń fi iná mànàmáná rìn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yàwòrán rẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ eré ìje lè rò pé ọ̀rọ̀ eré sísá lásán ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé ìdánwò ni ọkọ̀ yìí jẹ́, ó sì le ju èyí tí a ń fi bírò kọ lọ, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè yege nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn níbẹ̀.

2. Bí ìdíje náà ti rí

Ní ọdún 1981 ni ìdíje tí a ń pè ní Formula SAE bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Texas tí ó wà ní Austin, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Formula Student. Ó sì dé Jámánì ní 2006. Ọkọ̀ elépo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2010 ni àwọn ará Jámánì dá ìsọ̀rí ti oníná mànàmáná sílẹ̀.

Máàkì 1000 ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ yóò sáré mítà 75 ní ọ̀gbọọrọ; yóò sì sáré kìlómítà 22 láti fi hàn pé ó lè fara da iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì. Àwọn onímọ̀ yóò jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bá a lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú kò tíì dáhùn rárá.

3. Ẹrù tí kì í dúró sójú kan

Ẹ jẹ́ kí a wo bátìrì. Bí àwọn tí ń ṣe é bá fi kílò 5 kún un kí ọkọ̀ lè rìn jìnnà, ẹrù náà kò ní dúró sọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí ń ṣe egungun ọkọ̀ ní láti mú un nípọn sí i. Bíréèkì ní láti lágbára sí i. Ẹ̀rọ tí ń yí táyà yóò sì jẹ iná púpọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tuntun yóò ṣe máa jẹ nínú iná tí a torí rẹ̀ gbé e wọlé. Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ kejì ń gbé.

4. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Òfin ìdíje gbà kí iná ọkọ̀ tó fólítì 600. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 230, a sì mọ ohun tí ó ń ṣe fún ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó sáré, wọn a máa rọ omi sí i lára fún ìṣẹ́jú-àáyá 120 bí ẹni pé òjò ń rọ̀, wọn a sì tún máa ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 120 mìíràn. Bí iná bá jò sí ara ọkọ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ yóò já iná náà, ọkọ̀ kò sì ní yege. Awakọ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí ó so wáyà.

5. Àpẹẹrẹ láti Zürich

Ní 2014, ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ETH ní Zürich, ní Swítsàlandì, ti ojú kan dé ìyára kìlómítà 100 ní wákàtí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.785. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stuttgart dé e láàárín 1.461 ní 2022. Ní 2023, àwọn ti Zürich, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Lucerne, gbé ọkọ̀ tí wọ́n pè ní mythen jáde ní Dübendorf. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò 140. Ìṣẹ́jú-àáyá 0.956 ni ó lò, láàárín mítà 12.3 péré.

Agbára ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe èyí. Bí táyà kò bá di ilẹ̀ mú, lásán ni yóò máa yí, gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀. Láti sáré báyìí, ilẹ̀ ní láti fi agbára tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ọkọ̀ tì í síwájú. Ìyẹ́ tí a ń fi sára ọkọ̀ eré ìje a máa lo afẹ́fẹ́ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń sáré ni ìyẹ́ tó ń wúlò. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra ni wọ́n nílò rẹ̀. Wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fi ń fa eruku ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ òkè lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó gbéra.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ọdún 9 wà láàárín 2014 àti 2023. Láàárín wọn, ìran akẹ́kọ̀ọ́ kan gboyè lọ, òmíràn sì wọlé. Ìmọ̀ ni ó dúró, nítorí pé ẹni tí ń lọ kọ́ ẹni tí ń bọ̀, ẹni tí ń bọ̀ sì béèrè ìdí. Bí a bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí ní yunifásítì èyíkéyìí, mo rò pé nǹkan méjì ni a kò gbọdọ̀ fojú fò dá: kí a máa fún iṣẹ́ àjọṣe ní máàkì tí ó tó o, kí a má sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ láìkọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.