Ẹ̀wù Ogun: Ààbò àti Ìrọ̀rùn

Ní Ìwéré-Ilé ní Òkè-Ògùn, bí ọyẹ́ bá dé, koríko ọ̀dàn a gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a sì dà bí ti ilẹ̀. Ọdẹ tí ó bá wọ aṣọ funfun jáde nígbà náà ti polongo ara rẹ̀ fún ẹran. Nítorí èyí ni gbérí ọdẹ fi sábà máa ń jẹ́ kíjìpá tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn, tí ó nípọn tí ẹ̀gún kò fi lè tètè fà á ya, tí apá rẹ̀ sì kúrú kí ó má baà kọ́ ọrun. Bí ogun bá dé, ọdẹ yìí náà ni jagunjagun, ẹ̀wù rẹ̀ náà ni ẹ̀wù ogun; kìkì pé ońdè tí a fi awọ bò a pọ̀ sí i lára rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Sókótó àti Bọ̀rọ̀nú ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n a ki òwú sáàárín aṣọ méjì, wọ́n a gán an pọ̀, wọ́n a fi wọ ènìyàn àti ẹṣin. Lífídì ni Haúsá ń pè é. Ọfà a há sínú òwú náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sáré nínú oòrùn?

Ìbọn ni ó da gbogbo ìṣirò yìí rú. Nígbà ogun Kírìjí (1877 sí 1893), kò sí kíjìpá tí ó lè dá ọta ìbọn Snider àwọn Èkìtìparapọ̀ dúró. Ońdè ń fi ọkàn jagunjagun balẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré lójú ogun, àmọ́ iṣẹ́ ọkàn ni. Nígbà tí Òkè-Ihò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1916, ìbọn àwọn sójà ni ó parí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí aṣọ kò lè dá ọta dúró mọ́, ìfarapamọ́ di ààbò. Ó pẹ́ kí àwọn Òyìnbó tó gbà bẹ́ẹ̀: ṣòkòtò pupa ni àwọn ọmọ ogun Faransé ṣì wọ̀ lọ sójú ogun ní 1914. Ọdẹ Òkè-Ògùn ì bá ti kìlọ̀ fún wọn.

Ní 1965 ni Stephanie Kwolek, ní Amẹ́ríkà, ṣe àwárí fọ́nrán tí a wá mọ̀ sí Kevlar. Bí ọta bá kọlu aṣọ tí a fi í hun, ọ̀pọ̀ fọ́nrán a jọ pín agbára rẹ̀ gbé, bí àwọ̀n ti ń gba ẹja. Ìbọn kékeré ni èyí lè kojú. Ti ìbọn ńlá ń fẹ́ àwo seramíìkì líle, àwo náà sì wúwo. Lábẹ́ oòrùn Bọ̀rọ̀nú, ní ibi tí lífídì ti mú ẹlẹ́ṣin làágùn rí, ìnira kan náà ni ó ń bá sójà Nàìjíríà. Nítorí náà, àyà àti ẹ̀yìn ni a ń fi àwo náà bò; apá ni a ń fi sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti gbérí, kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè lo ohun ìjà rẹ̀.