Bí Sóyà Ṣe Wọ Ìkòkò Àwọn Ará Ìbàdàn

Bí ènìyàn bá dé ọjà Bódìjà lónìí tó ní òun fẹ́ ra sóyà, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà. Àwọn tó ń sẹ́ ògì tà l'Ágbowó ń rà á, àwọn tó ń kiri mílíìkì sóyà nínú ike ní Challenge náà ń rà á. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí wo inú àwọn ọjà Ìbàdàn lọ́dún 1987, ọjà 2 péré ni wọ́n ti rí i.

Kì í ṣe pé irúgbìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Láti 1908 ni àwọn òyìnbó amúnisìn ti gbìn ín wò ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí kò rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Nígbà tó yá, àwọn Tiv ní ilẹ̀ Benue ń gbìn ín, àmọ́ òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ. Àgbẹ̀ ń kórè ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é.

Sísè rẹ̀ gan-an ni ìjà. Tí o bá gbé e kaná bí ẹ̀wà, igi á jó tán, kò ní tíì rọ̀. Tí o bá rẹ ẹ́ sómi tútù, tí o sì lọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ bí ewé tútù á lé àwọn ọmọ kúrò nídìí àwo. Bí kò bá sì jinná dáadáa, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara rí amúaradàgbà rẹ̀ lò. Iná ló ń ṣẹ́gun èyí.

Ilé ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ́dún 1967, ti ń bá irúgbìn náà jà fún ọdún mélòó kan ṣáájú 1987. Sóyà tó ti Amẹ́ríkà wá ń fẹ́ irú kòkòrò àìfojúrí kan ní gbòǹgbò rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ilẹ̀ wa. Àwọn irúgbìn TGx tí IITA mú jáde ní tiwọn ń gba kòkòrò tó wà nínú ilẹ̀ wa. Ó wá ku ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Lọ́dún 1987, àjọ IDRC ti ilẹ̀ Kánádà fi owó sílẹ̀, IITA sì sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation àti àwọn mìíràn. Kenton Dashiell wà nídìí irúgbìn. Sidi Osho, onímọ̀ oúnjẹ tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá l'Ádó-Èkìtì, wà lára àwọn tó wà nídìí ìkòkò.

Àsìkò náà bọ́ sí i. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti wọlé lọ́dún 1986, ẹran, ẹyin àti mílíìkì alágolo ti ń kọjá agbára olówó oṣù. Ní oṣù kẹsàn-án 1987, Maryam Babangida, ìyàwó ààrẹ ológun ìgbà náà, gbé ètò Better Life fún àwọn obìnrin ìgbèríko kalẹ̀. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó àwọn ọ̀gá ló ń gbádùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ó sọ pípe àwọn obìnrin abúlé jọ láti kọ́ wọn níṣẹ́ di ohun tí ìjọba ń kà sí.

Ohun tí àwọn olùkọ́ sóyà kọ́ àwọn obìnrin ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé àtijọ́, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá, fẹ́ràn kéèkì àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ojú aṣọ. Ó máa ń kọ́ ẹni tí kò ní ààrò òyìnbó bí wọ́n ṣe ń yan nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ sóyà kò ṣe bẹ́ẹ̀; irú oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sóyà ṣe. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ wọn: Da sóyà tí o ti ṣà sínú omi tó ti ń hó, kì í ṣe omi tútù. Ibẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń kú. Jẹ́ kó hó fún bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ bọ́, lọ̀ ọ́, fi aṣọ sẹ́ ẹ, gbé omi rẹ̀ padà sórí iná: mílíìkì dé nìyẹn. Fi omi kíkan orí ògì sí i, ó di wàrà tí wọ́n lè dín. Ìdá 3 sóyà sí ìdá 7 àgbàdo, ògì ọmọ ti yàtọ̀. Àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀ l'Óṣòdì ti ṣe irú ògì bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, àmọ́ ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni tiwọn. Èyí kò ju ìkòkò àti ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò lọ. Ìyẹ̀fun rẹ̀ lè dín owó ẹ̀gúsí kù nínú ọbẹ̀, ó sì ń bá ẹ̀wà rìn nínú mọ́ínmọ́ín àti àkàrà. Amúaradàgbà inú sóyà tó ìlọ́po mẹ́rin ti àgbàdo, ẹ kò sì rí ìdí tó fi ṣe pàtàkì àfi bí ẹ bá ti rí ọmọ tí wọ́n fi ògì lásán tọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n.

Nígbà tó fi máa di 1990, ọjà 19 n'Ìbàdàn ló ti ń ta sóyà, àwọn tó ń tà á sì lé ní 400. N kò gbà pé àwọn olùkọ́ nìkan ló ṣe é. Ìyá tó kó àpò sóyà sílẹ̀ ní Bódìjà gbọ́dọ̀ kọ́ oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrù á wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wọ ọwọ́ ọlọ́jà kì í dúró de owó Kánádà.

Lónìí, àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ n'Ìbàdàn ń bá àwọn obìnrin wọ̀nyí du àpò sóyà kan náà, èyí sì lè gbé owó kóńgò ga. Mílíìkì náà kì í sì í pẹ́ kó tó kan. Èyí tí wọ́n sè láàárọ̀ gbọ́dọ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, àfi tí fíríìjì bá wà, tí iná sì wà. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ 1987 kò lè tún ṣe fún wọn.