Ọwọ́ Ló Ń Gbé Ọ̀fìnkìn Wọlé: Ìwé Ìlàlóye fún Ìdílé, Ilé Ìwé àti Ọjà

Nígbà ọyẹ́, àti nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìjókòó iwájú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kì í ṣófo. Ìyá gbé ọmọ tí imú rẹ̀ dí, bàbá àgbà ń wúkọ́, ọmọ ilé ìwé ń sín. Bí a bá béèrè ohun tó fà á, èsì tí a máa ń gbọ́ jù ni pé òjò pa á, tàbí pé ó mu omi tútù, tàbí pé abẹ́ fáànù ló sùn. Ọyẹ́ a máa gbẹ inú imú lóòótọ́, eruku rẹ̀ a sì máa yún ọ̀fun, èyí tó ń jẹ́ kí àìsàn tètè ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí kòkòrò ọ̀fìnkìn nínú omi òjò. Ara ẹlòmíràn ló ti ń wá, ọwọ́ sì wà lára ọ̀nà tó yá jù lọ fún un láti dé imú wa. Nítorí ọwọ́ yẹn la ṣe kọ ìwé yìí.

Ọ̀fìnkìn yàtọ̀ sí flú

Kòkòrò tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fa méjèèjì. Èyí tó ń fa ọ̀fìnkìn lé ní 200 oríṣi, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè bọ́ lọ́wọ́ ti oṣù yìí kí òmíràn tún mú un lóṣù tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀fìnkìn ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀fun á kọ́kọ́ máa dunni, imú á máa ṣomi, lẹ́yìn náà á dí. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10 ó ti ń lọ, bí ikọ́ rẹ̀ tilẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Flú kì í yọ́ wá. Ẹni tó jí ní àlàáfíà láàárọ̀ lè má lè dìde ńlẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́: ara gbígbóná, orí fífọ́, oríkèé ríro, ikọ́ gbígbẹ, àárẹ̀ tó kọjá sísọ. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn tí ọkàn wa kì í balẹ̀ lé lórí ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aláboyún, àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 65, àti àwọn tó ní ikọ́ fée, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Lára irú wọn, flú lè di òtútù àyà, òtútù àyà sì ń pani.

Àwọn baba ńlá wa mọ agbára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé flú wọ èbúté Èkó, láti ibẹ̀ ló ti bá èrò rìn wọ àwọn ìlú òkè. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé, ó kéré tán, mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni flú ìgbà náà pa káàkiri ayé. Flú tó ń wá lọ́dọọdún kò le tó ìyẹn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ń gbà dé ara ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, bí ara bá ti gbóná, ibà la máa ń pè é, oògùn ibà la sì máa ń rà. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà àti flú jọra gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, títí kan nọ́ọ̀sì àti dókítà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo láti orí ìka ló ń yà wọ́n, àyẹ̀wò náà kì í sì í gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé oògùn ibà mì.

Bí kòkòrò ṣe ń rìn

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ dáńfó. Ọkùnrin kan sín sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ yẹn kan náà yọ owó ọkọ̀. Kọ̀ńdọ́ gba owó náà, ó kó ṣéńjì fún ìyá tó jókòó sẹ́yìn. Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ nu òógùn ojú, ó ra ẹ̀pà, ó ń jù ú sẹ́nu bó ṣe ń lọ. Kò sí ẹni tó sín sí i lójú. Síbẹ̀, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, imú rẹ̀ ti ń ṣomi, ó sì ń sọ pé oòrùn ọjọ́ yẹn ló mú òun.

Kòkòrò ọ̀fìnkìn àti ti flú kì í gba awọ ọwọ́ wọ inú ara. Ojú, imú àti ẹnu nìkan ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ní, àwa fúnra wa ló sì ń fi ìka ṣí i fún wọn. Lórí irin, ọ̀rá líle àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, kòkòrò flú lè wà láàyè fún wákàtí 24 sí 48. Ronú kan ẹ̀rọ POS, bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìgbowó ní báńkì, irin ìdìmú ọkọ̀, fóònù tí a ń yá ara wa.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin oníṣòwò gbogbo, ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú fífi itọ́ ka owó. Ẹ gé kànrìnkàn kékeré, ẹ fi sínú ìdérí agolo pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ máa fi ìka kàn án. Iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe.

A kò ní tàn yín pé ọwọ́ fífọ ń dí gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó wúkọ́ sí ni lójú ti gbé tirẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé níbi tí a bá ti kọ́ àwọn ará ìlú ní ọwọ́ fífọ, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun àti imú a máa dín kù ní nǹkan bí 16 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ohun tí owó rẹ̀ kò ju ti ẹyọ ọṣẹ kan lọ, èrè ńlá nìyẹn.

Bí a ṣe ń fọ ọwọ́ kó mọ́

Ìwà kan tó ti mọ́ wa lára ni ká gbé abọ́ omi kan sílẹ̀ níbi oúnjẹ, kí gbogbo ilé máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti orí bàbá dórí àbíkẹ́yìn. Ẹni tó bá fọ ọwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn nínú abọ́ yẹn, ìdọ̀tí gbogbo ilé ló fi ra ọwọ́. Omi tó ń ṣàn ni ká lò. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi ife da omi sí ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣe àlùwàlá ti mọ ọ̀nà yìí ṣáájú wa, nítorí omi inú búútà a máa ṣàn ni. Ohun tó kù ni ọṣẹ. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ tàbí ọjà dé, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá.

Ẹ jẹ́ kí omi kan ọwọ́, ẹ fi ọṣẹ sí i kó hó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ fọ ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ fọ àárín ìka. Àtàńpàkò la máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ òun àti ìka ìlábẹ̀ la fi ń fun imú: ẹ di í mú, kí ẹ máa yí ọwọ́ ká a. Ẹ fi orí ìka ha àtẹ́lẹwọ́ kejì kí ọṣẹ lè wọ abẹ́ èékánná. Kí gbogbo rẹ̀ má dín ní ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ tó fi omi ṣàn án dànù. Àwọn ọmọ lè fi ohùn kékeré ka ení, èjì dé ogún, kí wọ́n má sáré kà á. Púpọ̀ nínú wa tún máa ń fọ ọwọ́ ọ̀tún nìkan nítorí òun la fi ń jẹun. Àwọn àgbà ní kí ọ̀tún fọ òsì, kí òsì fọ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ. Tówẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ilé fi ń nu ọwọ́ máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Kí kálukú ní tirẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ọwọ́.

Ọṣẹ tówó rẹ̀ wọ́n kò sàn ju èyí tówó rẹ̀ kéré lọ níbi iṣẹ́ yìí. Ọṣẹ dúdú dára, ọṣẹ ìfọṣọ dára. Ọ̀rá ló bo kòkòrò flú lára, ọṣẹ a sì máa tú ọ̀rá yẹn ká, bó ṣe ń tú epo pupa kúrò lára àwo. Kòkòrò náà kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Púpọ̀ nínú kòkòrò ọ̀fìnkìn kò ní irú ọ̀rá yìí, wọ́n sì lágídí díẹ̀ sí i. Fífi ọwọ́ ra ọwọ́ àti omi tó ń ṣàn ló ń gbé wọn lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá. Sànítáísà dára fún inú ọkọ̀ àti ibi tí kò sí omi, bí ọtí inú rẹ̀ bá tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò lágbára lórí ọwọ́ tó ní ìdọ̀tí tàbí epo, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ti kòkòrò ọ̀fìnkìn ṣe tó ọṣẹ àti omi.

Ẹ máa fọ ọwọ́ bí ẹ bá ti ìta wọlé, kí ẹ tó dáná, kí ẹ tó jẹun tàbí kí ẹ tó fún ọmọ lóúnjẹ, bí ẹ bá jáde nílé ìgbọ̀nsẹ̀, bí ẹ bá fun imú tàbí wúkọ́ sọ́wọ́, àti kí ẹ tó gbé ìkókó.

Kẹ́ẹ̀gì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀

Ní ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó, àti ní 2020 nígbà Kòrónà, kò sí ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí báńkì tí kò gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, omi gbẹ, ọṣẹ tán, àwọn ike náà di ohun tí a ń kó gààrí sí. Ọ̀fìnkìn àti flú kò lọ síbì kan ní tiwọn. A rọ àwọn olùkọ́ àgbà, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn pé kí wọ́n dá omi náà padà.

Kò gba owó púpọ̀. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì olómi lítà 5. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí iwájú rẹ̀, ní ìwọ̀n ìka márùn-ún sí ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ ri igi méjì tó ní pàlàkà mọ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀pá la ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kọjá, kí ẹ gbé ọ̀pá náà lé orí igi méjèèjì. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ so ìdí okùn náà mọ́ igi kan tó wà nílẹ̀. Ẹ bu omi sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kó dé ihò. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ tẹ igi ilẹ̀ yẹn, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ síwájú, omi á ṣàn; bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, omi á dá. Kò sí ẹni tó máa fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ fi ọṣẹ sínú àwọ̀n kékeré, kí ẹ so ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí adìẹ má baà gbé e lọ.

Bí ẹnì kan bá ti ń ṣàìsàn nílé

Ẹni tó ní flú lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan kó tó mọ̀ pé ara òun kò yá, títí di ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn rẹ̀. Kó sinmi nílé. Ẹ ṣí fèrèsé. Kó ní ife àti ṣíbí tirẹ̀. Bó bá fẹ́ sín tàbí wúkọ́, kó ṣe é sínú ìgúnpá, kó má ṣe é sí àtẹ́lẹwọ́. Bébà ìnumú dára ju ìnujú aṣọ lọ, nítorí a lè jù ú nù. Ẹni tó bá ń lo ìnujú aṣọ, kó máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín fi ẹnu fa ikun imú ọmọ. Ẹ má ṣe é mọ́. Ohun tó wà lẹ́nu àgbà lè wọ inú ọmọ, ti ọmọ náà sì lè wọ inú àgbà. Ẹ fi omi iyọ̀ tí a ń tà ní ilé oògùn kán sí i nímú, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rọ̀ nù ún. Ẹ má fi róòbù sínú imú ìkókó. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, ì báà jẹ́ fún ikọ́, ì báà jẹ́ níbi ìkómọ, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ lè rọ ọmọ ọwọ́ lápá lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ìkómọ, ẹ fi oyin kan ètè ìyá ọmọ. Àdúrà náà á gbà. Kí ẹni tó bá ní ọ̀fìnkìn sì jìnnà sí ìkókó lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyá ọkọ.

Oògùn apakòkòrò, irú bíi kápúsù aláwọ̀ méjì tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Lílò ó lásán ń sọ àwọn kòkòrò mìíràn di alágídí tí oògùn kò ní ràn mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an. Parasitamó lè mú ara gbígbóná àti ríro rọlẹ̀. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn kí ẹ tó pa á pọ̀, torí parasitamó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín. Omi, ògì, ọbẹ̀ ata àti oorun ni olórí ìtọ́jú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára flú wà, ọdọọdún la sì ń gbà á. Aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró nílé

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, ẹ wo àyà rẹ̀ nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Èémí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ìkókó tí kò tíì pé oṣù 2, 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, àti 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ti yá jù. Bákan náà ni bí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí gìrì bá mú un, tàbí bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù 2 tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Fún àgbàlagbà, ẹ ṣọ́ èémí tó ń há, àyà tó ń dunni, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara mọ́, àti ibà tó lọ tó tún padà pẹ̀lú ikọ́ tó le ju ti tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú wọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà, ẹ má sì dúró de ìgbà tí bàbá ọmọ á dé. Ẹ gbé e wá, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.