Kí Ohun Tí Ẹ Kọ Sínú Fóònù Má Baà Sọnù

 

Fọ́ọ̀mù tí à ń fi bíírò kọ tẹ́lẹ̀ ti ń bọ́ sórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó ti bàbá kan, à ń kọ fọ́ọ̀mù ajílẹ̀ sórí fóònù Android rẹ̀. Ó ku ìlà kan péré. Ni ìpè bá wọlé. Bàbá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n tún ṣí kámẹ́rà, wọ́n ya àgbàdo wọn. Nígbà tí a padà, fọ́ọ̀mù ti ṣófo! Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí jí iṣẹ́ mi ni?" Kò jí i o. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ibi méjì ni fóònù ń kó nǹkan sí. Èkíní dà bí àká. Àwòrán àti ohun tí a ti fi pamọ́ wà níbẹ̀; bí fóònù kú, wọn kò lọ. Èkejì dà bí iwájú ilé tí a ti ń ṣẹ́ àgbàdo. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. RAM ni wọ́n ń pè é, àyè rẹ̀ kò sì tó ti àká.

Bí ẹ bá fi áàpù kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, fóònù kì í kó o dànù lójú ẹsẹ̀. Á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lè tètè bá a. Ṣùgbọ́n bí tuntun bá fẹ́ àyè púpọ̀, bíi kámẹ́rà, tí àyè kò sì sí, fóònù á kó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò. Èyí tí ẹ ń wò lọ́wọ́ ló ń kó kẹ́yìn. Áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa á ti fi ohun tí ẹ kọ pamọ́ kó tó kan èyí. Èyí tí wọn kò ṣe dáadáa, ẹ ó tún un kọ ni.

Nítorí náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ìwọ̀n oko, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà báńkì.

2. Bí ẹ bá rí "Save", ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé ìpè.

3. Ẹ má tẹ àmì ìpadàsẹ́yìn láàárín iṣẹ́. Fóònù á rò pé ẹ ti parí. Ẹ má sì dá fóònù dùbúlẹ̀, nítorí ó lè tún ojú ewé náà ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀.

4. Ẹ má máa fi ìka gbá gbogbo áàpù dànù torí bátìrì. Ṣíṣí wọn lákọ̀tun ń jẹ iná ju kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ.

Bàbá tún fọ́ọ̀mù náà kọ, wọ́n ń tẹ "Save" bí wọ́n ṣe ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé. Ẹni tó sá àgbàdo kì í dúró kí òjò dé kó tó kó o wọlé. Bí ó bá ṣòro, ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò.