Gbèsè Tí Olóòótọ́ Ń San: Oògùn Agbára àti Ìjákulẹ̀ Àwọn Olólùfẹ́ Eré Ìdárayá

Lára ohun díẹ̀ tí ó lè mú kí gbogbo ará àdúgbò kan hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà, láìbèèrè èdè tàbí ẹ̀sìn ẹni tí ó jókòó tì wọ́n, ni kí ọmọ Nàìjíríà gba ipò kìíní níbi ìdíje àgbáyé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní àdúgbò bíi Sábó ní Ṣágámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí òwò obì ti so Yorùbá àti Hausa pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n tí rògbòdìyàn oṣù keje ọdún 1999 fi hàn pé ìrẹ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé bàjẹ́. Akọni eléré ìdárayá jẹ́ ohun àjọni fún gbogbo wọn. Nígbà tí ìròyìn bá sì jáde pé ó lo oògùn agbára, kì í ṣe mẹ́dàlì nìkan ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ pàdánù, bí kò ṣe ohun kan tí wọ́n lè jọ fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Oògùn agbára ni èròjà tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀ nítorí pé ó lè fún ara ní agbára tí kì í ṣe ti ìdánrawò, tàbí nítorí pé ó lè pa ẹni tí ó lò ó lára. WADA, àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti ìwà yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó ń gbé àkójọ orúkọ àwọn èròjà náà jáde lọ́dọọdún. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń la ojú ẹni ni ó wà nínú àkójọ yìí. Kaféènì, èròjà inú obì àti kọfí tí ń lé oorun lọ, wà lára èèwọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ó bá ti pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ nínú ìtọ̀ eléré, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, tí ó fi jẹ́ pé eléré tí ó bá jẹ obì lónìí kò rú òfin kankan. Ní ìdà kejì, tramadol, oògùn ìrora tí àwọn kan ń ṣì lò ní ibùdókọ̀ láti fi borí àárẹ̀, di èèwọ̀ lákòókò ìdíje láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Òfin náà kò fàyè gba àwáwí ní ti ẹni tí ó ni ẹ̀bi: ohunkóhun tí àyẹ̀wò bá bá nínú ara eléré, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn fún un, ìbáà jẹ́ kóòṣì tàbí dókítà ni ó fún un.

Ẹni tí ìjákulẹ̀ rẹ̀ dun àwọn ọmọ Nàìjíríà jù lọ ní àkókò yìí ni Blessing Okagbare, ọmọ bíbí Sapele ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ó gba mẹ́dàlì nínú fífò jìnnà níbi Òlíḿpíìkì Beijing ní ọdún 2008. Ó gba fàdákà nínú fífò jìnnà àti idẹ nínú eré sísá igba mítà níbi ìdíje àgbáyé tí ó wáyé ní Moscow ní ọdún 2013. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gba góòlù nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà àti igba mítà níbi Ìdíje Commonwealth ní Glasgow. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2021, ó gbégbá orókè nínú ìpele àkọ́kọ́ eré ọgọ́rùn-ún mítà níbi Òlíḿpíìkì Tokyo, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, kí ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, ìròyìn kàn pé wọ́n ti dá a dúró.

AIU, ẹ̀ka tí àjọ eré sísá àgbáyé dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ òtítọ́ inú eré náà, ṣàlàyé pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní Slovakia ní ọjọ́ 19 oṣù keje ti fi hómóònù ìdàgbà hàn, èyí tí ẹṣẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ máa ń sun láti mú kí egungun àti iṣan dàgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí EPO nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà. EPO yìí ni kíndìnrín fi ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn egungun pé kí ó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Ẹni tí ó bá gún un lábẹ́rẹ́ yóò ní ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn púpọ̀ lọ sínú iṣan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà lè ki jù, kí ó sì dì. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n fòfin dè é fún ọdún 10, márùn-ún nítorí oògùn, márùn-ún nítorí pé ó kọ̀ láti bá àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n tó fi ọdún kan kún un ní oṣù kẹfà. Eric Lira tí ó ń kó oògùn náà fún àwọn eléré láti Texas di ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá lẹ́bi lábẹ́ òfin Rodchenkov, òfin ọdún 2020 tí ó sọ ìkópa nínú irú òwò yìí di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà korò jù ni ìtàn mẹ́dàlì Beijing fúnra rẹ̀. Ipò kẹta ni Okagbare kọ́kọ́ wà níbẹ̀, tí ó sì gba idẹ. Ní ọdún 2017 ni mẹ́dàlì náà tó di fàdákà, nígbà tí àyẹ̀wò tuntun lórí ìtọ̀ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ fi hàn pé Tatyana Lebedeva ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ṣe ipò kejì ti lo oògùn. Ó ti jẹ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ rí, ó sì mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án kọjá kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ òun náà padà ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Ọ̀nà méjì ni àwọn olólùfẹ́ eré sábà máa ń gbà nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kan a gbèjà akọni wọn, wọn a ní àwọn òyìnbó ni kò fẹ́ kí adúláwọ̀ borí. Àwọn mìíràn a kẹ̀yìn sí eré náà pátápátá, wọn a ní kò sí ẹni tí kì í lo nǹkan. Ìtàn fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì kò tọ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ni òfin kan náà ti mú, ara wọn sì ni Lance Armstrong ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ méje ti Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn, lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2012. Bẹ́ẹ̀ sì ni Chioma Ajunwa, tí wọ́n fòfin dè fún ọdún mẹ́rin nítorí oògùn ní ọdún 1992, padà wá gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996, tí ó fò jìnnà tó mítà 7.12, èyí tí ó jẹ́ góòlù Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo oògùn kọ́ ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Ní Birmingham ní ọdún 2022, Tóbi Amúsàn, Favour Ofili, Rosemary Chukwuma àti Grace Nwokocha gba góòlù Commonwealth nínú eré àfọ̀págbà obìnrin. Nígbà tí àyẹ̀wò wá fi ostarine àti ligandrol, oògùn méjì tí ń mú iṣan ki, hàn lára Nwokocha, góòlù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n gbà, tí wọ́n sì gbé e fún England. Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ni ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ó yára jù láyé nínú eré sísá onídènà ti ọgọ́rùn-ún mítà ní oṣù tí ó ṣáájú.

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí ìfura fi kan òun pẹ̀lú. Òfin sọ pé kí àwọn eléré ńlá máa kọ ibi tí wọ́n máa wà fún wákàtí kan lójoojúmọ́ sílẹ̀, kí olùyẹ̀wò lè bá wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì tàsé rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù 12, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀sùn yìí ni AIU fi kan Amúsàn ní oṣù keje ọdún 2023. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá a láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ọjọ́ méjì péré kí ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Budapest, níbi tí ó ti ṣe ipò kẹfà. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé, CAS, sì fọwọ́ sí ìdáláre náà ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Síbẹ̀, àwọn kan ti dá a lẹ́bi kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣe ti kọ́ wọn láti máa fura sí gbogbo ẹni tí ó bá yára. Àìtètè mú olè ni ó ń mú kí olè mú olóko.

Ìjọba àti àwọn aláṣẹ eré náà ní ìpín nínú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí wọ́n bá oògùn lára Ben Johnson, eléré sísá ọmọ Kánádà, níbi Òlíḿpíìkì Seoul ní ọdún 1988, ìjọba Kánádà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Charles Dubin, tí kóòṣì àti dókítà Johnson fi wá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbúra níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ti Nàìjíríà, ní oṣù keje ọdún 2021 kan náà tí Okagbare ṣubú, eléré mẹ́wàá ni kò láǹfààní láti díje ní Tokyo nítorí pé wọn kò tíì ṣe àyẹ̀wò òjijì mẹ́ta tí òfin béèrè, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù ẹ̀tọ́ wọn láìlo oògùn kankan.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, pápá ìṣeré ńlá sì wà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ lè fi dánra wò. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ àti òbí mọ oògùn tí ọmọ ń lò, kí àyẹ̀wò máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìpínlẹ̀, kí ìwádìí sì máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta oògùn náà. Ẹni tí ó bá tako àyẹ̀wò nítorí ìfẹ́ akọni ń ṣe olóòótọ́ ní ibi, nítorí àyẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé nìkan ni ó lè jẹ́ kí ọmọ tí ó sáré láìlo nǹkan kan gba ìyìn rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò yínmú.