Oje igi Okoumé: Kí ni òróró inú rẹ̀ wúlò fún, kí ló sì yẹ kí o ṣọ́ra fún?

Ní Libreville, olú ìlú Gabon, gẹdú ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ igi Okoumé sí. Òun ni wọ́n fi ń ṣe plywood tó ń lọ sí òkè òkun. Lọ́dún 2010, ìjọba fòfin de títa gẹdú tí wọn ò tíì là sí ilẹ̀ òkèèrè.

Àmọ́ igi náà kò ní láti wó kó tó wúlò. Bí wọ́n bá ṣá èèpo rẹ̀, oje olóòórùn dídùn yóò sun jáde, yóò sì dì.

Mọ̀lẹ́bí kan náà ni Okoumé àti àwọn igi tí tùràrí àti òjíá inú Bíbélì ti ń wá.

Kí ni wọ́n ń fi oje náà ṣe?

Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi ṣe ògùṣọ̀, wọ́n sì ń fi dí ojú ibi tí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń jò. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ Bwiti ń tan ògùṣọ̀ rẹ̀ níbi ètùtù wọn.

Báwo ni òróró ṣe ń jáde nínú oje?

Wọn yóò se oje náà pẹ̀lú omi. Ooru omi yóò gbé òórùn rẹ̀ gba inú ọ̀pá tútù kọjá, yóò sì padà di omi. Òróró yóò léfòó, wọn yóò sì rọra gbọ́n ọn.

Ṣé oògùn ni?

Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà tí wọ́n ń pè ní carene ló pọ̀ jù nínú òróró yìí. Ó tún wà nínú turpentine tí àwọn akunlé ń lò.

Irú òróró báyìí lè pa kòkòrò àìfojúrí nínú ìgò àyẹ̀wò. Èyí kò túmọ̀ sí pé yóò wo àìsàn lára èèyàn.

Kí ló yẹ kí o ṣọ́ra fún?

- Má ṣe mu ún. Bí ó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó léwu.
- Má fi í pa ara láìlà á mọ́ òróró mìíràn, bíi àdí àgbọn.
- Dé ìgò rẹ̀ dáadáa. Bí atẹ́gùn bá ti ń wọ inú carene, ó lè mú kí ara máa yún èèyàn.
- Gbé e jìnnà sí iná àti ọmọdé.
- Aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.