Bí a ṣe lè ṣe yàrá wa lọ́ṣọ̀ọ́ láìná owó rẹpẹtẹ: ara ògiri ni ká ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan ń wá lemọ́lemọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá: "Ọdún ń bọ̀, ìgbéyàwó ń bọ̀, àlejò ń bọ̀, owó kò sì sí. Báwo la ṣe lè tún yàrá wa ṣe kó wu èèyàn í wò?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà la sì gbọ́dọ̀ wò dáadáa ká tó náwó sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan ládùúgbò wa fún yín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó. Ìyá kó owó èsúsú rẹ̀, ó ra sìmẹ́ǹtì, ó pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ yàrá tí ìyàwó máa wọ̀. Ilé amọ̀ ni o. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ayé ń yìn ín. Òjò ọdún kìíní kọjá, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbokogboko téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Òjò ọdún kejì, lọ́gànjọ́ òru, ègé sìmẹ́ǹtì ńlá kan já bọ́ sórí ẹní tí ọmọ ọwọ́ máa ń sùn sí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọmọ náà wà lóru ọjọ́ yẹn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó èsúsú ti lọ, ògiri sì wá burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ló fà á? Ògiri amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u jáde. Nígbà òjò, á wú díẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sún kì. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a wú, kì í bá a sún kì. Omi tó bá gba ìsàlẹ̀ ilé tàbí ojú sísán wọlé sáàárín àwọn méjèèjì kò ní rọ́nà jáde mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì á máa ya kúrò lára amọ̀, títí á fi já. Amọ̀ lọ̀rẹ́ amọ̀. Ilé tí a bá fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kọ́, sìmẹ́ǹtì bá a mu. Ilé amọ̀, amọ̀ ni ká fi rẹ́ ẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan òtòṣì ni. Ààfin àwọn ọba Abomey, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì ya àwòrán ẹranko àti ti ogun sára ògiri rẹ̀. Láti 1985 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Koutammakou, níbi tí àwọn Batammariba ti ń mọ ilé amọ̀ wọn tó dà bí ilé ìṣọ́, wọnú ìwé kan náà ní 2004 ní apá ti Tógò. Ti Benin dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2023. Ní Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́? Àwọn obìnrin ló ń fi àwọ̀ ya ara ògiri ojúbọ òrìṣà. Ọwọ́ àwọn ìyá wa niṣẹ́ yìí ti wà tipẹ́.

Ó dáa. Báwo la ó ṣe ṣe é?

Kọ́kọ́ wá ibi tómi ń gbà wọlé

Ká tó fọwọ́ kan ògiri, ẹ wo òkè. Ṣé páànù ń jò? Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ṣé àgbàrá ń dúró sẹ́bàá ilé? Ẹ dí ibi tó ń jò, ẹ la ojú àgbàrá kó gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí òkè ilé ṣì ń jò, ó ń da omi sínú agbọ̀n ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi amọ̀ dí gbogbo ojú sísán. Ibẹ̀ ni ìdun àti àkéekèé ń sá pa mọ́ sí.

Erùpẹ̀ wo la ó lò?

Ẹ wa erùpẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dúdú. Ilẹ̀ dúdú tí a fi ń gbin àgbàdo kò dáa fún èyí, torí koríko àti gbòǹgbò ń jẹrà nínú rẹ̀. Ẹ sẹ́ erùpẹ̀ náà kí òkúta kúrò nínú rẹ̀. Amọ̀ nìkan máa ń sán tó bá gbẹ. Iyanrìn ni kì í jẹ́ kó sán. Ṣùgbọ́n iye iyanrìn tí erùpẹ̀ abúlé kan ń fẹ́ yàtọ̀ sí ti abúlé kejì. Nítorí náà, ẹ dán an wò báyìí:

Ẹ po abọ́ erùpẹ̀ kan mọ́ abọ́ iyanrìn kan, ẹ rẹ́ ẹ sára ògiri níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ rẹ́ abọ́ erùpẹ̀ kan pẹ̀lú abọ́ iyanrìn méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn náà, abọ́ erùpẹ̀ kan pẹ̀lú abọ́ iyanrìn mẹ́ta. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá sán, amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tó bá ń yọ̀ sọ́wọ́ bí eruku, iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tí kò sán, tí kò sì yọ̀, òun ni tiyín.

Pípò àti rírẹ́

Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ po ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi omi tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kó mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tọ́gbẹ́ bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ rẹ̀, kó má tẹ ẹ́. Ìgbẹ́ ẹran lè ní kòkòrò tẹ́tánọ́sì nínú, àrùn tó ń mú kí ara gan, tó sì ń pani. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Èló ló máa gbà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó pọ̀. Yàrá tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 2 àbọ̀: ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 30. Tí ẹ bá rẹ́ ẹ nípọn ní sàǹtímítà 1, ìyẹn bíi fífẹ̀ ìka kékeré, lítà 300 amọ̀ pípò ló máa gbà, tí í ṣe korobá lítà 20 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi korobá márùn-ún sí i, torí erùpẹ̀ máa ń dínkù tómi bá kàn án, ògiri kì í sì í tẹ́jú tán.

Ẹ fi àdá tàbí ọkọ́ ha ògiri kó rí ṣákaṣàka, ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ tó rẹ́ amọ̀ sí i. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ìkórè ló yẹ ká ṣe é, kí òjò tó padà dé. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ máa wọ́n omi fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó má baà gbẹ kíákíá kó sán.

Ti ara ògiri òde ńkọ́, níbi tí òjò ti ń lù ú? Àwọn Batammariba máa ń lo omi tí wọ́n fi se èèpo èso igi irú. Omi náà á pọ́n, á ki. Tí a bá fi kun amọ̀ gbígbẹ, á mú kó le, òjò kì í sì í tètè wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú, ẹ má da èèpo yẹn nù mọ́.

Ọ̀dà tí a lè sè fúnra wa

Ibí ni ẹwà ti wọlé. Ẹfun fún funfun, erùpẹ̀ pupa tí a sẹ́ kúnná fún pupa, erùpẹ̀ ìyeyè fún ẹni tó bá rí i. Ohun tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni láfún.

Ẹ po agolo láfún kíkúnná kan mọ́ agolo omi tútù méjì kó má ní kókó. Ẹ gbé agolo omi kan àbọ̀ kaná. Tó bá ti ń hó, ẹ da ti láfún sí i, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi agolo omi méjì là á. Tó bá tutù, ẹ po agolo ẹfun kan tí ẹ ti gún tí ẹ ti sẹ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú ìlàjì agolo iyanrìn tó kúnná dáadáa. Ẹ kun ún lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ, ẹ tún un kun. Ìwọ̀n èyí tí ẹ máa lò tán lọ́jọ́ kan ni kí ẹ sè, torí yóò kan. Inú ilé nìkan ló wà fún. Òjò á wẹ̀ ẹ́ lóde. Kí ẹ sì tó kun gbogbo yàrá, ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná.

Báwo ló ṣe máa rẹwà? Ẹ kun ìsàlẹ̀ ògiri ní pupa, kó ga dé orúnkún tàbí ìbàdí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ, ẹrẹ̀ àti ìgbálẹ̀ ń kàn. Pupa kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Ẹ kun òkè ní funfun, torí funfun ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kárí yàrá tó ṣókùnkùn. Níbi tí pupa àti funfun ti pàdé, ẹ fi ìka ya ìlà, tàbí irú ọnà tí ìyá yín àgbà máa ń fín sára igbá. Ìyẹn nìkan tó. Yàrá tí a kó gbogbo nǹkan rọ̀ sí lára, ojú kì í rí ibi sinmi nínú rẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ tó lè pa ọmọ lára

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwọn ọ̀dà olóróró kan wà lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn àti irin, tí òjé wà nínú wọn. Tó bá gbó, á máa ṣí. Ọmọ kékeré á he é sẹ́nu, tàbí kí eruku rẹ̀ bá ọwọ́ ọmọ dé ẹnu. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, ó ń mú kí ẹ̀kọ́ ṣòro fún un. OMS, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé a kò mọ ìwọ̀n kankan nínú rẹ̀ tí kò léwu. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀dà, ẹ ní kí ọmọ yín tó mọ̀wé wo ara agolo bóyá wọ́n kọ "sans plomb" sí i, ìyẹn ni pé kò ní òjé. Ẹ má ra ọ̀dà tí wọ́n dà sínú ìgò tí kò lórúkọ. Tí ọ̀dà àtijọ́ bá ń ṣí lára ilẹ̀kùn yín, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì jó o. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, tí àwọn kan ń pè ní píìlì. Ẹ má fi kun ilẹ̀ tàbí ògiri. Májèlé wà nínú rẹ̀. Èédú lílọ̀ máa ṣe iṣẹ́ kan náà.

Aṣọ fèrèsé àti ẹní

Ìró àtijọ́ tí àárín rẹ̀ ti gbó, etí rẹ̀ méjèèjì ṣì dáa. Ẹ gé e, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ó di aṣọ fèrèsé. Kó má bo fèrèsé tán: kí ìdajì òkè ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, torí yàrá tí kò mí, ikọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ má gbé àtùpà tàbí àbẹ́là sítòsí rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e ṣe aṣọ fèrèsé, bó ti wù kó funfun tó. Orí ibùsùn ni kó wà. Kò sí ọ̀ṣọ́ tó ju ọmọ tí ibà kò mú lọ. Ẹ sì máa sá ẹní sóòrùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́

Ohun tí a ó rà lọ́jà kò ju ẹfun, láfún àti búrọ́ọ̀ṣì lọ. Èyí tó kù, ọwọ́ ló ń fẹ́, ọwọ́ ẹnì kan kò sì tó o. Ṣé ẹ rántí àáró? Ẹ pín ara yín ní márùn-ún márùn-ún. Lọ́sẹ̀ yìí, yàrá Ìyá Lágbájá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti Ìyá Tàmẹ̀dò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, tàbí àgbàlagbà tí kò lẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá ti pa rédíò, ẹ bi ara yín léèrè: Ilé ta ni sìmẹ́ǹtì ti ń ya lára ògiri amọ̀ lábúlé wa? Níbo la ti lè rí erùpẹ̀ tó dáa? Ilẹ̀kùn ta ni ọ̀dà ti ń ṣí, tọ́mọdé sì ń ṣeré nídìí rẹ̀? Ẹ yan ẹnì kan tó máa lẹ àpẹẹrẹ mẹ́ta yẹn mọ́ ògiri kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹ sì sọ fún wa èyí tó dúró.

Ilé wa kò ní wó lé wa lórí.